Àgbàdo Oko Àbùṣe Mi

Ìwàǹwára ni wọ́n bí mọ́ mi. Ìyá mi sọ pé kí n tó mọ ìrìn ni mo ti máa ń yí ara mi kúrò lórí ẹní, pé ohun tí mò ń wá kiri nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé omi kaná, èmi ni n ó máa ṣí ìdérí wò bóyá ó ti ń hó. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Àwọn kan náà ló tún máa ń kó ọmọ wọn wá bá mi pé kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná, ẹ̀rín a sì máa pa mí, nítorí gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa owó, inú ìbínú ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò fún mi lówó rí.

Ìyá mi ni mò ń sọ. Kì í ṣe ahun o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò sí ẹni tó wọ ilé wa tí kò jẹun. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ó yẹ kí èèyàn fi owó lé ọmọdé lọ́wọ́ lásán. Ó ní ọmọ tí a fún lówó lásán kò ní mọ ibi tó ti wá, kò sì ní mọ ìgbà tó bá lọ. Rírà ló máa ń rajà lọ́wọ́ wa. Bí mo bá ṣẹ́ igi ní àbọ̀ oko, á ra igi náà. Bí adìẹ mi bá yé, á ra ẹyin. Bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló sì ṣe máa ń ná an. Á gbé ẹyin sókè sí oòrùn, á pòṣé, á ní adìẹ mi kò jẹun kánú, á gbé ẹyin náà sílẹ̀ fún mi, á sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi á wá máa sáré tẹ̀ lé e kiri ilé.

Kì í ṣe àwa ọmọ nìkan o. Ó ń rajà lọ́wọ́ bàbá mi pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, oko ọkùnrin, ti ọkùnrin ni. Òwò obìnrin, ti obìnrin ni. Àgbàdo bàbá mi lè wọlé, kó sùn nínú àká lẹ́yìn ilé wa, kì í ṣe ti ìyá mi títí tó bá fi sanwó rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe òwò yìí, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Bàbá mi á dá iye, ìyá mi á ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, bàbá mi á ní kó máa lọ ra ti ẹlòmíì, ìyá mi á ní òun ti lọ náà.

Obìnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa nígbà náà. Láti ìhà Nàìjíríà ló ti wá, ó ń ta abọ́ tánganran àti àpótí onípáànù lọ́jà. Kò tíì pẹ́ tí Dahomey gba òmìnira, àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ariwo àwọn òbí mi, ó sáré wọlé wa, ìró rẹ̀ ń já sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà mọ́. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ yìí."

Bàbá mi wò ó títí. "Ìyá, a ò jà o. Obìnrin yìí fẹ́ fi owó ẹ̀pà gba àgbàdo lọ́wọ́ mi ni."

Ìyá mi kò jẹ́ kí obìnrin náà dìde. Ó ní bó ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló dára, kó bá òun bẹ bàbá kó dínwó. Obìnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, bàbá mi sì dín in. Láti ọjọ́ náà ni òun àti ìyá mi ti di ọ̀rẹ́.

Oko àbùṣe ló kó mi sí wàhálà. Àbùṣe ni oko kékeré tí bàbá máa ń gé fún ọmọkùnrin rẹ̀, kó máa ro ó nírọ̀lẹ́ nígbà tí iṣẹ́ oko bàbá bá ti parí. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde, ti ọmọ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í léèrè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin wa ti ń kọ́ owó. Ọmọbìnrin kì í ní àbùṣe. Ìdí ọjà ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè jókòó ti ọjà. Bí wọ́n bá gbé mi ka iwájú igbá ata, kí oòrùn tó kan àtàrí, n ó ti dé ìsọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ. Mo ní kí bàbá mi fún mi lóko. Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ lọ́jọ́ kejì. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, mo ń sọ ọ́ nígbà tó ń jẹun, mo ń sọ ọ́ nígbà tó ń wẹ̀, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó gé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi lẹ́bàá ọ̀nà Odòmẹta, ó bu irúgbìn àgbàdo fún mi.

"Kò sí ohun tó ṣòro nínú àgbàdo ju ọjọ́ tí a kórè rẹ̀ lọ," ló wí fún mi. "Ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ń tà. Àwọn kámíọ̀ akẹ́rù á ti etí òkun gòkè wá, wọ́n á sì rà á ní iye tó wù wọ́n. Ẹni tó bá lè máa wo àgbàdo rẹ̀ nínú àká títí òjò á fi padà, tí àká gbogbo èèyàn á ti gbẹ, òun ni yóò dá iye."

Ẹ̀kọ́ bàbá mi kò ju ìyẹn lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó jẹ́ ẹni tí dídúró dùn mọ́. Bí ó bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, á gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ àká, á máa wo àgbàdo, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní ṣe ohunkóhun. Mo gbìyànjú láti jókòó tì í nígbà kan. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mo dìde.

Mo ro oko mi dáadáa, kí n má parọ́. Ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ro ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi ń padà síbẹ̀ ṣáá, nítorí mi ò lè ṣe kí n má lọ wò ó. Àgbàdo mi yọmọ ju tiwọn lọ. Mo kó o sínú apá kan àká bàbá mi, mo fi ọ̀pá méjì pààlà sí i.

Ọdún yẹn kan náà ni mo yege nínú ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé wa. Olùkọ́ wa wá sílé, ó bọ́ fìlà, ó sọ fún àwọn òbí mi pé àyè wà fún mi ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, pé ìjọba yóò bọ́ mi, ibẹ̀ ni n ó sì máa sùn. Ẹrù nìkan ni kí n gbé wá: àpótí, aṣọ ìtẹ́bùsùn, bàtà, aṣọ méjì, àwo àti ṣíbí. Ó ní kí wọ́n fi etí sí ohun kan o. Ọmọ tí kò bá dé ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé, wọn á gbé àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn.

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un níṣu. Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ó kọjú sí mi. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn.

"Ẹrù yẹn, ìwọ ni wàá rà á. O ti ní àgbàdo."

Mo fò sókè.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinsìnyí. Tí òjò bá padà, tí àgbàdo bá wọ́n, wàá tà á, wàá ra gbogbo ẹ̀, owó á tún ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. Wàá wá lọ sí lekọ́lì, ilé ìwé wọn náà, lọ́dún tó ń bọ̀."

"Bàbá, wọ́n ní àyè náà ò ní dúró."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Olùkọ́ ni. Ẹ̀yin náà gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. "Àyè tí wọ́n bá ti fi fún èèyàn, ti onítọ̀hún ni. Ta ní í lọ gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi fún ọmọ ẹlòmíì?"

Ó rò pé bí ilẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti fún ọ nílẹ̀, o lè fi í sílẹ̀ kó di igbó, o lè rìnrìn àjò kí ó pẹ́ títí. Nígbà tó o bá dé, wọ́n á ṣì máa nàka sí igi tó o fi pààlà, wọ́n á ní tìrẹ nìyẹn. Bàbá mi kò gbọ́ rí pé a ń fúnni ní nǹkan, kí a sì gbà á padà nítorí pé ẹni náà pẹ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, kò yé e. Kò ṣìkà sí mi, ohun tó mú kí ó burú sí i nìyẹn. Èèyàn lè bá ìkà jà. Báwo lo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jà?

Síbẹ̀, tèmi ni àgbàdo náà. Mo sọ fún un pé n ó tà á. Ó ní kí n máa tà á, àbùṣe mi ni. Mi ò mọ̀ pé ó ti bá àwọn oníkámíọ̀ sọ̀rọ̀, àti àwọn alágbàdo ọjà wa, pé kí wọ́n má bá òun ba ọmọ jẹ́. Nígbà tí mo ru agbọ̀n àkọ́kọ́ dé ìdí kámíọ̀, ọkùnrin tó ń wọn àgbàdo kò tilẹ̀ sọ̀ mí. Ó ní, "Bàbá rẹ ti wá síbí. Gbé e padà, ọmọ dáadáa." Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan, mo lọ sọ́dọ̀ èkejì. Orí ni wọ́n ń mì sí mi.

Mo wá ru agbọ̀n náà lọ sí ọjà Adakpamẹ̀, níbi tí mo rò pé wọn kò ti mọ bàbá mi. Ọ̀nà náà jìn, ẹrù náà sì tẹ̀ mí lọ́rùn débi pé mi ò lè wo ẹ̀gbẹ́. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ fún mi lómi mu kó tó sọ ohunkóhun. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ. Ó bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní èmi ni mo rán ara mi. Ó kí mi dáadáa, ó bá mi gbé agbọ̀n náà lérí padà. Ó ní ọmọ tó ń dá nìkan ru àgbàdo kiri, bí kò bá jẹ́ pé ó jalè, á jẹ́ pé ó sá nílé, òun ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ agbófinró. Mo sunkún láti Adakpamẹ̀ dé ilé. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ o. Inú ló ń bí mi, inú ń bí mi sí gbogbo àgbàlagbà tó wà láyé.

Ọ̀sẹ̀ ìwọlé ń bọ̀. Mo ń lọ sílé olùkọ́ láti bi í bóyá wọ́n ti sún un síwájú, ìdáhùn kan náà ló ń fún mi. Mi ò lè jẹun lórí ìjókòó mọ́. Mo máa ń ṣí àká, mo máa ń kó ọwọ́ bọ àgbàdo mi, mo máa ń pa á dé. Ìyá mi ń rí mi. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò bá bàbá mi jiyàn. Èyí náà dùn mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí bàbá mi lọ kí ènìyàn ní Òkpómẹta, ìyá mi ń bó ẹ̀wà ní àgbàlá. Kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́ pé o ní àgbàdo tó o fẹ́ tà."

Mo sáré dé iwájú rẹ̀.

"Èló lo ń tà á?"

Mo sọ iye tí bàbá mi ní yóò jẹ́ nígbà tí òjò bá padà. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀wà dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé òjò ti dé lẹ́yìnkùlé, tí mi ò gbọ́?"

"Ẹ fún mi ní iye tí wọ́n ń rà á lọ́jà, Ìyá."

"Ta ló rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́jà?"

Ó wá dá iye tirẹ̀. Ó kéré sí ti àwọn oníkámíọ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kòkòrò ti fẹ́ máa wọ̀ ọ́, nítorí ṣíṣí tí mò ń ṣí àká lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, èyí ló sì gbóná lára mi jù. Ó dìde, ó lọ gbé igbá tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Igbá méjì ni ìyá mi ní, ńlá tó fi ń rajà àti kékeré tó fi ń tajà.

"Ìyá! Igbá tẹ́ ẹ fi ń rajà lẹ gbé yẹn!"

"Èwo ni kí n gbé? Ṣé èmi ni mò ń tà?"

"Ẹ̀yin ìyá mi lẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ báyìí?"

Ó sọ igbá kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó wò mí lójú. "Ìyá rẹ wà nínú ilé ìdáná. Tó bá yá, á fún ọ lóúnjẹ. Ẹni tó wà níwájú rẹ yìí, oníbàárà ni. Bí owó rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, má tà fún un."

Mo gbé agbọ̀n àgbàdo tí mo ru lọ sí Adakpamẹ̀, tó ṣì wà lẹ́bàá ògiri. Mo ti rí i tí bàbá mi ṣe é rí. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, mò ń dúró kí ó pè mí padà. Ẹ̀wà ló ń bó. Mo gbọ́ èèpo rẹ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀. Mo rọra fa ẹsẹ̀, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Kò pè mí. Ó mọ̀ pé mi ò ní ibòmíràn tí n ó lọ, ó sì ti mọ̀ kó tó la ẹnu. Mo padà. Mo ta gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èyí tó wà nínú àká. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n tán, ó tún ní kí n fún òun ní èènì. Mo fi ìbínú da ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin alápòótí. Ó dá iye fún mi, èmi náà ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ní ìdérí àpótí rẹ̀ ti tẹ̀. Mo ní n ó dúró de èyí tó dáa. Ó dínwó díẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo rìn, ó sì pè mí padà kí n tó kọjá àgbàlá. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ lo jọ, ìwọ ọmọ yìí," ló wí. Mo gbé àpótí náà láìdúpẹ́, nítorí lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ jọ ẹnikẹ́ni. Mo ra bàtà, mo ra aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ọ̀kan ṣoṣo lowó mi ká nínú aṣọ méjì.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó bá àpótí láàárín ilé.

"Ta ló ra àgbàdo yẹn lọ́wọ́ rẹ?"

"Èmi ni," ni ìyá mi wí.

Bàbá mi jókòó ti àpótí náà. Ó lè bá gbogbo Kétu sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má ra àgbàdo ọmọ òun, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi bá fi owó ara rẹ̀ rà, kò sí ẹni tó ń bi í. Òun náà mọ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè iye tó rà á. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó yíjú sí mi, àánú mi ṣe é lóòótọ́.

"Ó mà rẹ́ ọ jẹ o."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, òun fúnra rẹ̀ ló so àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó tì í dé ìdí kámíọ̀. Ó ní kí n kí wọn níbẹ̀. Ìyá mi di oúnjẹ fún mi, mi ò wo ojú rẹ̀. Láti Kétu dé Àjàṣẹ́, ohun tí mò ń rò nínú ọkàn mi ni iye tó jẹ lórí mi. Mo rò ó lórí ibùsùn. Mo rò ó nínú kíláàsì. Bí wọ́n bá ní ká ṣe ìṣirò, àgbàdo mi ni mo fi máa ń ṣe é.

Ìyá mi wá wò mí nígbà tí òjò padà, ní ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n gba àwọn òbí láyè. Mo rí obìnrin kan lẹ́nu géètì tó wọ aṣọ tuntun, aláró tó ní òdòdó pupa, ìró méjì pẹ̀lú gèlè, irú èyí tí ìyàwó àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń wọ̀. Kí ó tó rìn, mi ò mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó gbé mi dìde. Ó wá fà sẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó yí po kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

"Ṣé o rí aṣọ yìí? Àgbàdo rẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gbà mí létí bí ìgbátí.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tà á. Bàbá rẹ ló bá mi ṣọ́ ọ nínú àká. Iye tó sọ náà ni, kò dín kan."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò wá, wọ́n ń yin aṣọ náà, èmi sì dúró níbẹ̀ nínú aṣọ mi kan ṣoṣo tó ti ń ṣá. Mo di etí ìró náà mú, mo ń fi ìka wo bó ṣe nípọn tó. Oko mi lẹ́bàá ọ̀nà Odòmẹta nìyí, tí wọ́n ti ṣẹ́ létí, tí wọ́n ti lọ̀ ní lílọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún wo ẹ̀yìn mi, mo wo ilé ńlá tí mò ń sùn sí, mo wo àwọn ọmọ tí èmi pẹ̀lú wọn jọ wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Àyè ọmọ kan láti Òkè-Odò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé. A rí i nígbà tó dé, a sì rí i nígbà tí wọ́n dá a padà.

Mo di eyín pọ̀. "Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá lónìí, n ó tún tà á fún yín ní iye yẹn náà."

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí. "Ìdí tí mo ṣe rà á nìyẹn."

Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dá a dúró. Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó fa etí aṣọ tuntun náà wá, ó sì fi nù mí lójú àti nímú.